Igi Ọ̀dán Tó Fi Ara Ṣe Wàlà

Ẹ wá ibi tó tutù jókòó sí, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé bọ̀ yìí, bí a bá dúró gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ á máa ro wá. Ọ̀rọ̀ Sàwúdátù ni, ìyá arúgbó kan tó ń gbé ní Ashanti New Town, ní Kùmásí, nínú agbo ilé àwọn ará Ìlọrin. Ọlọ́run ti pe ọkọ rẹ̀, Alfa Jùnáídù. Ohun tí Alfa fi sílẹ̀ fún un kò pọ̀: tẹ̀sùbáà kan, ẹní ìkírun kan, àti igi ọ̀dán ńlá kan tó dúró láàárín agbo ilé bí ọba tí kò ní ìlẹ̀kẹ̀.

Abẹ́ ọ̀dán yìí ni Alfa ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Yóò fi tàdáwà kọ ẹsẹ̀ kan sára wàlà, pátákó igi yẹn, ọmọ yóò máa mì síwá mì sẹ́yìn, yóò máa kà á títí yóò fi há a sórí. Bí ó bá há a tán, wọn a fi omi fọ tàdáwà kúrò. Omi yẹn, hàntú nìyẹn, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ti bọ́ sínú rẹ̀, a kì í dà á síbi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá á bù mu. Ìyókù, ìdí ọ̀dán ni Alfa máa ń dà á sí. Ọdún ń lọ, ọdún ń bọ̀, ọ̀dán ń mu hàntú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òjò ti rọ̀ dá, ni Alhàájì Jímọ̀h wọlé. Àbúrò Alfa ni, ó ń ta aṣọ ní Adum, ìyẹn ni àwọn ọmọ ilé fi ń pè é ní Bàbá Adum, Krofrom ló sì kọ́lé sí. Kò tíì jókòó tó fi nàka sí igi.

"Ìyàwó wa, ẹ wá wo ara igi yìí. Ẹ̀tẹ̀ ti mú un."

"Ẹ̀tẹ̀ kẹ̀, Ọkọ mi? Igi a máa dẹ́tẹ̀ bí?" Bí ó ti ń pè é nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, kò dá orúkọ rẹ̀ rí.

"Kí wá ni funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn yìí? Èépá ni! Igi tó bá ń hu èépá, inú rẹ̀ ti rà nìyẹn. Ọjọ́ tó bá wó, orí yàrá yín ló máa wó lé, ẹ̀yin gan-an lábẹ́ rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ wí fún ẹ̀gbọ́n mi lálùjánnà? Mo ti bá àwọn aláyùn sọ̀rọ̀. Tí a bá ti kírun Jímọ̀ tán lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á wá gé e."

Kì í ṣe ìkà èèyàn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti jáde tán, ńṣe ni àyà Sàwúdátù ṣófo bí agbè tí omi tán nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gé ọ̀dán, níbo ni yóò jókòó sí tí yóò máa rántí ohùn ọkọ rẹ̀?

Ó dìde, ó lọ sídìí igi. Kò lọ bí ẹni ń lọ wo adẹ́tẹ̀. Ó lọ bí ẹni ń lọ wo ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Orin ló sì kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu, nítorí obìnrin yìí kì í ṣe nǹkan láìkọrin. Ó ń rokà, ó ń kọrin. Ó ń ṣe àlùwàlá, díẹ̀ ló kù kó máa kọrin.

*Ọ̀dán mi, ta ló fẹfun kùn ọ́,*
*Ìwọ tí o kì í ṣe ìyàwó?*
*Ọ̀dán mi, ta ló da ẹ̀kọ sí ọ lára,*
*Ìwọ tí o kì í ṣe ìkòkò?*

Bí orin ti ń lọ ló tẹjú mọ́ èèpo igi. Ẹ gbọ́, funfun yẹn kò jọ egbò. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́, èékánná kò rí ibi wọ abẹ́ rẹ̀. Ibì kan funfun, ibì kan rí bí eérú. Lórí rẹ̀ ni ìlà dúdú wà, tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú. Òmíràn nà gbọọrọ. Òmíràn tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Òmíràn pẹ̀ka bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí iyanrìn.

Orin gé mọ́ ọn lẹ́nu.

"Sùbúhànálláhì! Ìwé rèé!"

Sàwúdátù kò mọ̀wé. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin ń mì lórí wàlà, òun ń ru omi. Ṣùgbọ́n ó mọ àlífù, nítorí ó dúró gbọọrọ bí òpó. Ó sì mọ báù, nítorí ó tẹ́ bí àwo. Àlífù wà lára igi, àlífù tó pọ̀ ju ti inú wàlà lọ. Ọkàn rẹ̀ bá ṣe ìṣirò kan tí ọkàn ẹlòmíràn kò lè ṣe: hàntú tí Alfa dà sí gbòǹgbò ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, níbo ló gbà lọ? Ó gun inú igi lọ sókè ni. Ìsinsìnyí ló wá yọ sí awọ ara. Ọwọ́ ọkọ òun ni!

Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe parí.

Ní ọjọ́ kejì ó ránṣẹ́ pe Alfa Tèslìmù, ẹni tó ka kéwú lábẹ́ igi yẹn nígbà èwe, tó sì ti ní ilé kéwú tirẹ̀ nísinsìnyí. Ó pe Alhàájì Jímọ̀h pẹ̀lú. Tèslìmù dúró síwájú igi. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí orí sósì, bí adìyẹ tó rí ara rẹ̀ nínú dígí.

"Ìyá, àlífù wà níbí lóòótọ́. Èyí lámù… rárá, ó dorí kodò. Èyí ìbá jẹ́ ráù, àmọ́ ìrù rẹ̀ di méjì."

"Kí ni wọ́n wá wí?"

"Wọ́n jọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n wọn kò pa pọ̀ di ọ̀rọ̀."

"Ṣé ìwọ ni o kò lè kà á, Tèslìmù, àbí òun ni kò ṣe é kà?"

Tèslìmù nu òógùn ojú. "Ìyá, mi ò lè ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Mi ò sì lè ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ọlọ́run ló mọ̀ jù."

"Láti kékeré lo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀!" ni Alhàájì wí. Ṣùgbọ́n òun náà ti fà sẹ́yìn díẹ̀. Ta ni yóò fi ayùn gé ohun tó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run? Ó họrí, ó tún fìlà dé. "Ó dáa. Kí àwọn aláyùn ṣì dúró ná, títí a ó fi mọ ohun tó jẹ́."

Ayọ̀! Sàwúdátù jó yí igi ká, ìró rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú.

Ẹnu kì í sì í dúró sójú kan. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Gifty tó ń ta kéńkẹ́, irú ẹ̀kọ kan, lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ Aṣàńtì tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ ilé mìíràn lọ, ló kọ́kọ́ yọjú.

"Agoo! Maame, ɛyɛ nokware? Òótọ́ ni? Wọ́n ní igi yín ń kọ̀wé?"

"Ó ń kọ ọ́, ọmọ mi. Wá wò ó."

"Ei! Ọmọ tèmi ń lọ skúù láti ọjọ́ yìí wá, kò lè kọ tó báyìí."

Lẹ́yìn Gifty, èrò dé. Àwọn kan ti Krofrom wá, àwọn kan ti Adum, wọ́n wọ ọkọ̀ trotro, wọ́n gbé ìgò àti abọ́ dání. Wọ́n kọ́kọ́ ń da omi sára igi, wọ́n ń gbà á sínú abọ́ lábẹ́ bí hàntú. Nígbà tí omi mọ́ gaara, tí kò sí dúdú kankan nínú rẹ̀, ẹnìkan ní kí wọ́n máa ha á. Ọ̀bẹ jáde. Wọ́n ha funfun, abẹ́ rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí epo pupa. Ni wọ́n bá hó yèè! Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Bí ọ̀bẹ ṣe wọlé jù, oje funfun igi fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Sàwúdátù dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí. Ọ̀rọ̀ rú u lójú. Ó fẹ́ kí wọ́n gbà pé ìwé ni, kí wọ́n má baà gé igi. Wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń bó igi láàyè. Ayùn lọ, ọ̀bẹ dé. Èwo nínú méjèèjì ni kí èèyàn dúpẹ́ lé lórí?

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Nàfísà ti ilé ẹ̀kọ́ gíga dé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni, ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun tó ń hù ló ń kọ́. Ó rí èrò, ó rí ọ̀bẹ, ó ju báàgì sílẹ̀.

"Màmá Àgbà! Kí ni wọ́n ń ha jẹ yìí?"

"Rọra, ọmọ mi. Hàntú bàbá àgbà ẹ ni."

"Hàntú kẹ̀! Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́." Ó fà á wọ yàrá. "Kì í ṣe ìwé. Kì í sì í ṣe ẹ̀tẹ̀."

"Kí ló wá ṣẹ́kù?"

"Ẹ̀dá alààyè ni. Ẹ̀dá méjì tó di ọ̀kan."

"Ìbejì."

"Kì í ṣe ìbejì! Ọ̀kan jẹ́ ìbátan olú, irú olú tí à ń fi sọbẹ̀. Òun ló kọ́lé: funfun tó le yẹn ni ilé rẹ̀. Ìkejì jẹ́ ìbátan ọ̀bẹ̀dò, ohun tútù tó máa ń yọ̀ lára àmù tí a kò bá fọ̀ ọ́. Òun ló ń gba oòrùn tó fi ń se oúnjẹ. Olú kò mọ oúnjẹ sè, ọ̀bẹ̀dò kò nílé. Ni wọ́n bá ń gbé pọ̀."

Sàwúdátù rò ó. "Tọkọtaya ni nígbà náà. Ta ló so yìgì fún wọn?"

"Màmá Àgbà!"

"Mo ń bi ọ́ ni. Ta wá ni ọkọ?"

"Kò sí ọkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ olú ni àwọn onímọ̀ fi ń pe méjèèjì."

"Olú lọkọ nìyẹn. Ẹni tó ń dáná kò rórúkọ jẹ́. Ayé rèé! Pupa bí epo yẹn wá ńkọ́?"

"Ọ̀bẹ̀dò inú rẹ̀ ni. Ìdílé aláwọ̀ ewé ni wọ́n kà á mọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ máa ń pọ́n."

"Aláwọ̀ ewé tó pọ́n." Màmá Àgbà gbá orí mú. "Olúwa, gbà mí. Ìlà dúdú ńkọ́, èyí tí Tèslìmù kà títí tó fi làágùn?"

"Ẹnu ni wọ́n. Ẹ fojú inú wò ó: ètè méjì, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Ibẹ̀ ni eruku tó fi ń bímọ ti ń jáde, atẹ́gùn á gbé e lọ sára igi mìíràn."

"Ẹnu! Gbogbo ẹnu yẹn, kò sì sí èyí tó sọ̀rọ̀."

Nàfísà rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ ọn. Ó ní irú èépá tó ń ya ìlà báyìí pọ̀ láyé, wọ́n ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ, ibi tó móoru bíi tiwa ni wọ́n ti pọ̀ jù. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìdílé náà nílé ìwé ni Gráfídésíè. Kì í ṣe gbogbo wọn lẹnu wọn gùn; àwọn kan, ẹnu wọn rí roboto bí ojú abẹ́rẹ́. Bí a bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ọmọ ilé kan sí èkejì, a máa ń wo ètè wọn, ṣé ó dúdú ni àbí ó funfun. A máa ń gbé eruku wọn sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ kékeré di ńlá, ká wo iye yàrá tó wà nínú rẹ̀. A sì máa ń kán oògùn sí wọn lára, nítorí àwọn kan á pọ́n, àwọn kan kò ní yí padà.

"Bí a ti ń wojú èèyàn," ni Sàwúdátù wí, "tí a fi ń mọ̀ pé ọmọ Àlànàmú ni nílùú Ìlọrin, kì í ṣe ọmọ Àjíkòbí."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀. Kò sì pa igi lára, Màmá Àgbà. Ó jókòó lórí èèpo lásán ni, bí ẹyẹ ṣe ń jókòó lórí òrùlé. Kò jẹ nínú oúnjẹ igi. Ọ̀dán Bàbá Adum ní Krofrom, ó bò ó láti ìsàlẹ̀ dókè. Mo ya fọ́tò rẹ̀ fún iṣẹ́ ilé ìwé."

 Ohun kan ló dun Sàwúdátù jù: kì í ṣe ọwọ́ Alfa. Ó ti ń fi ìka tọ àwọn ìlà yẹn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń kí wọn bí ẹni ń kí ọkọ.

"Pa ẹnu rẹ mọ́," ló wí nígbẹ̀yìn. "Bí Ọkọ mi bá gbọ́ pé kì í ṣe ìwé, ayùn dé nìyẹn. Jẹ́ kí ìrun Jímọ̀ kọjá."

"Ṣé ẹ rí ọ̀bẹ tó wà níta?"

"Mo rí i. Mo ní kí o pa ẹnu mọ́."

Ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́. Èrò ọjọ́ náà ju ti àná lọ. Láàárín wọn ni obìnrin kan wà tó gbé ọmọ pọ̀n, ó ní Lùbàbà ni orúkọ ọmọ náà. Ara ọmọ gbóná bí ògiri tí oòrùn pa, ojú rẹ̀ ń yí. Ìyá rẹ̀ ti ha èépá sínú abọ́, ó bu omi lé e, ó ti gbé e dé ẹnu ọmọ. Ó wo Sàwúdátù, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin lẹ ni ín. Mi ò lọ sọ́sípítù mọ́, mo ti rí tèmi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí obìnrin yìí ṣe? Bí ó bá sọ òtítọ́, wọ́n gé igi rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, ọmọ yóò mu ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bóyá ó ṣe é mu, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó wo igi. Ó wo ọmọ. Ọmọ húkọ́.

Ó gba abọ́ lọ́wọ́ ìyá, ó dà á nù.

"Ẹ gbọ́ mi! Kì í ṣe ìwé! Èmi ni mo sọ ọ́, èmi náà ni mo ń gbà á padà. Ọkọ mi kọ́ ló kọ ọ́."

Ariwo sọ. Ẹnìkan ní ó fẹ́ dá oore Ọlọ́run jẹ ni. Ẹnìkan ní, "Kí ló wá jẹ́?" Sàwúdátù la ẹnu láti ṣàlàyé, àlàyé Nàfísà sì lọ́ pọ̀ mọ́ra nínú orí rẹ̀, olú ń lé ọ̀bẹ̀dò, ọ̀bẹ̀dò ń lé olú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ ọ́, ó gbé wákà:

*Ẹ má ha á mọ́, ará ilé,*
*Olú ló kọ́lé, ọ̀bẹ̀dò ló ń dáná,*
*Ọ̀dán ló yọ̀ǹda ẹ̀yìn fún wọn.*
*Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀ tó ń jẹni lára,*
*Kì í ṣe wàlà tí a ń fọ̀ mu.*
*Ẹnu lẹ rí tẹ́ ẹ pè é ní lẹ́tà,*
*Ẹnu ló là, kò sọ̀rọ̀ síni.*

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ gbè é kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ń gbè é. Ó ṣòro kí èèyàn máa gbe orin, kó tún máa fọ̀bẹ ha igi. Ọ̀bẹ ń wọ àpò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gifty ti fi kéńkẹ́ sílẹ̀, ó ti pe takisí, ó ti ìyá Lùbàbà sínú rẹ̀, òun náà bá wọn wọ̀ ọ́ lọ sọ́sípítù. "Maame, ẹ bá mi wo ọjà mi!" ló ń kígbe lójú fèrèsé.

Kí wọ́n tó kírun Jímọ̀ tán, ọ̀rọ̀ ti kan Alhàájì létí. Ó dé tòun taláyùn.

"Ìyàwó wa, wọ́n ní ẹ ti fẹnu ara yín sọ pé kì í ṣe ìwé."

"Mo sọ ọ́."

"Ẹ̀tẹ̀ ni nígbà náà, bí mo ti wí."

"Ọkọ mi, ẹ dúró ná. Ta ló gbin ọ̀dán tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín ní Krofrom?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ara igi yìí náà ló ti gé ẹ̀ka rẹ̀ fún mi. Kí nìyẹn wá…"

"Abẹ́ rẹ̀ lẹ ti ń mu tíì láràárọ̀?"

"Abẹ́ rẹ̀ ni."

"Nàfísà, gbé fóònù ẹ wá. Fi han bàbá ẹ."

Alhàájì gba fóònù. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Funfun ni, dúdú ni, ìwọ̀ ẹja, ẹsẹ̀ ẹyẹ. Àga onírọ́bà rẹ̀ fúnra rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ fọ́tò, pẹ̀lú ife tíì lórí rẹ̀.

"Láti ìgbà wo nìyí ti wà lára tèmi?"

"Bàbá Adum, mo bá a níbẹ̀ láti kékeré," ni Nàfísà wí.

"Adẹ́tẹ̀ lẹ ń bá mu tíì láti ìgbà yẹn, Ọkọ mi," ni Sàwúdátù wí. "Ẹ kò sì tíì pe aláyùn sí i. Tàbí ẹ̀tẹ̀ ti Krofrom kì í wó lu ilé?"

Aláyùn bú sẹ́rìn-ín. Alhàájì fẹ́ bínú, kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó wo igi, ó wo fóònù, ó tún wo igi, ó wá dà bí Tèslìmù níjọ́sí. Ó gbójú sókè, ó nàka sí ẹ̀ka kan tó nà sórí òrùlé.

"Èyí nìkan ni kí ẹ gé. Èyí nìkan. Ẹ má fọwọ́ kan ìdí rẹ̀." Ó yíjú sí Sàwúdátù. "Kí n sọ òótọ́, Ìyàwó wa, kò yé mi."

"Èmi náà, Ọkọ mi, kò yé mi. Ẹ jẹ́ kó ṣáà máa wà níbẹ̀."

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Gifty ti dé: ibà ni ó mú ọmọ, wọ́n ti fún un lóògùn, ó ti ń sùn. Alfa Tèslìmù náà dé pẹ̀lú bókẹ́ẹ̀tì kan. Omi tí àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ fi fọ wàlà lọ́sẹ̀ yìí ló wà nínú rẹ̀, ó dúdú mìnìjọ̀.

"Ìyá, mo rò ó pé, bí Alfa ti máa ń ṣe é…"

Sàwúdátù gbà á. Ó rọra dà á sídìí ọ̀dán, ó ń pe Bìsìmíláì. Ilẹ̀ mu ún. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ èèpo igi níbi tí ọ̀bẹ kò dé, ó fi etí lé àwọn ẹnu kéékèèké náà. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Maame," ni Gifty wí, "kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n gbé etí mi kúrò," ni Sàwúdátù dáhùn, ẹ̀rín gba ojú rẹ̀ kan. "Mo ń dí oòrùn mọ́ ẹni tó ń dáná."